Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́ Èsì: Mímú Abẹ̀bẹ̀ Ọkọ̀ Òfurufú Kékeré Dọ́gba Lórí Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀

Láti ọdún 2022 tí ọkọ̀ òfurufú ti kọ́kọ́ balẹ̀ sí pápákọ̀ tuntun ní Adó-Èkìtì ni lẹ́tà lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ti ń wọlé sí wa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú àtẹ̀jáde wa tó kọjá, a sọ ọ́ ní gbólóhùn kan péré pé wọ́n máa ń wọn ìdọ́gba abẹ̀bẹ̀ iwájú ọkọ̀ òfurufú kékeré, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní pùròpẹ́là, nígbà tó bá ń yí lọ́wọ́ lórí ẹ́ńjìnnì. Gbólóhùn yẹn ló bí lẹ́tà mẹ́rin tí a mú wá sójú ewé yìí.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọmọ mi ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ òfurufú ní Zaria. Ó sọ fún mi pé abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n gbé dé láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti tún un ṣe, tí ìwé ẹ̀rí ìdọ́gba sì bá a wá, ni wọ́n dè mọ́ ẹ́ńjìnnì tán tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ìdọ́gba rẹ̀ lákọ̀tun. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń fi ọgbọ́n gba owó iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì ni? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye. (Bàbá akẹ́kọ̀ọ́, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

Èsì: Ẹ kú ìnáwó ọmọ, Bàbá, ẹ ó jèrè rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọkọ̀ òfurufú tó wà ní Zaria ti wà láti ọdún 1964, ohun tí wọ́n sì fi han ọmọ yín yẹn kì í ṣe ọgbọ́n àtigba owó. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ohun tí ọ̀kan ń wò, èkejì kò lè rí i.

Ní ilé iṣẹ́ àtúnṣe, abẹ̀bẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wọ̀n. Wọ́n á ti ọ̀pá irin tó gún régé bọ ihò àárín rẹ̀, wọ́n á gbé ọ̀pá náà lé orí irin méjì tí ojú wọn tín-ín-rín, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé kí atẹ́gùn má baà ti abẹ̀bẹ̀ náà. Apá tó bá wúwo jù á yí wá sí ìsàlẹ̀. Wọ́n á fá díẹ̀ kúrò lára rẹ̀ tàbí kí wọ́n fi ìwọ̀n kún ẹ̀gbẹ́ kejì, títí abẹ̀bẹ̀ náà á fi máa dúró níbikíbi tí wọ́n bá fi í sí. Iṣẹ́ gidi ni, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fò ó.

Ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ kì í dá yí lójú ọ̀run. Bó bá ti dé ara ọkọ̀, wọ́n á dè é mọ́ orí ṣáfùtù ẹ́ńjìnnì; àwo irin kan á wà lẹ́yìn rẹ̀; fìlà ṣóńṣó kan á bo ìdí rẹ̀; lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, irin roboto eléyín tí sítátà ń gbá mú náà wà lójú kan náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ibi tó ti wúwo díẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Bí fìlà náà bá sì fi ìwọ̀n irun kan ṣẹ́rí kúrò ní àárín gbùngbùn nígbà tí wọ́n ń dè é, ìdọ́gba tí ìwé ẹ̀rí ń sọ ti yẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ti gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe wíìlì bálánsì ní Adó mọ̀ pé wọn kì í wọn táyà nìkan. Táyà àti ríìmù pọ̀ ni wọ́n ń gbé sórí ẹ̀rọ, nítorí pé pọ̀ ni wọ́n jọ ń yí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀. Ká ní gíráàmù 10 péré ni ẹ̀gbẹ́ kan fi wúwo ju èkejì lọ, tí ibi tó wúwo náà sì jìnnà sí àárín ní sẹ̀ǹtímítà 15. Bí abẹ̀bẹ̀ bá ń yí ní ìgbà 2,400 ní ìṣẹ́jú kan, bó ti wọ́pọ̀ fún ọkọ̀ kékeré tó ń lọ geere lójú ọ̀run, gíráàmù 10 yẹn á máa fa ṣáfùtù pẹ̀lú agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹrù kílò 10. Kì í sì í fà á sójú kan: ó ń fà á sókè, sọ́tùn-ún, sísàlẹ̀, sósì, ìgbà 40 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bí yíyí náà bá dín kù sí ìdajì, agbára yẹn á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ kan fi lè ṣe jẹ́ẹ́ nígbà tó bá ń rìn nílẹ̀, tó sì jẹ́ pé gẹ́rẹ́ tí awakọ̀ bá fún un ní epo ni ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú lórí ohun ìdarí.

Ìnira awakọ̀ sì ni ó kéré jù nínú ewu rẹ̀. Páìpù èéfín á sán, irin pẹlẹbẹ tó ń darí afẹ́fẹ́ sára sìlíńdà á fàya, irin tó gbé alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná mànàmáná fún ọkọ̀, á ṣẹ́, ohun èlò tó wà níwájú awakọ̀ á bàjẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Mo ti rí fìlà imú abẹ̀bẹ̀ kan tó là láti ihò sikírù kan dé èkejì, tí nǹkan dúdú kan tó dà bí eruku èédú sì ta yí gbogbo ihò náà ká. Eruku alumíníọ́mù nìyẹn, níbi tí irin ti ń họ irin láìdábọ̀. Iye tí wọ́n ń gbà láti wọn ìdọ́gba lórí ẹ́ńjìnnì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mí. Ohun tí kò yé mi ni bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tó wúwo lára nǹkan tó ń yí ní ìgbà 40 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo sì tún fẹ́ mọ̀ bóyá sẹ́ńsọ̀ inú fóònù mi lè ṣe irú iṣẹ́ náà. (Akẹ́kọ̀ọ́, Ọyẹ́-Èkìtì)

Èsì: Ibi tí iṣẹ́ yìí ti dùn jù lẹ bèèrè yẹn. Nǹkan méjì ni ẹ̀rọ náà ní láti mọ̀: bí gbígbọ̀n náà ṣe le tó, àti ibi tí abẹ̀bẹ̀ wà ní àkókò tí gbígbọ̀n dé góńgó rẹ̀. Fún ti àkọ́kọ́, wọ́n á de sẹ́ńsọ̀ kékeré kan mọ́ iwájú ẹ́ńjìnnì, nítòsí abẹ̀bẹ̀ bó bá ti lè súnmọ́ ọn tó, lára bọ́ọ̀tì tó dúró gbagidi, kì í ṣe lára irin pẹlẹbẹ tó ń mì fúnra rẹ̀. Fún ti èkejì, wọ́n á lẹ téèpù tó ń dán mọ́ ẹ̀yìn apá abẹ̀bẹ̀ kan, wọ́n á sì dojú sẹ́ńsọ̀ oníná kan kọ ọ́, tó fi jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí téèpù náà bá kọjá ni ẹ̀rọ ń mọ̀ pé yíyípo kan ti pé. Wáyà méjèèjì, tí wọ́n ti so jìnnà sí abẹ̀bẹ̀ àti sí páìpù gbígbóná, á wọ inú ọkọ̀ lọ bá kọ̀ǹpútà kékeré tó wà lọ́wọ́ oníṣẹ́.

Wọ́n á kọ imú ọkọ̀ sí ojú afẹ́fẹ́, wọ́n á fi igi dí táyà rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa kí wọ́n tó gbé e lọ sí iye yíyí tí ọkọ̀ ń lò lójú ọ̀run. Àárọ̀ tí afẹ́fẹ́ ṣì rọ̀ ló dára jù, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kì í ti àwọn apá abẹ̀bẹ̀ bákan náà, iye tí ẹ̀rọ ń kà á sì máa fò sókè sódò. Òòrùn tó bá kọjú tààrà sí sẹ́ńsọ̀ oníná náà lè dà á láàmú pẹ̀lú.

Íǹṣì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni wọ́n fi ń ka gbígbọ̀n náà, ìyẹn bí ara ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára tó nínú mímì lọ mì bọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tó bá wọ ìsàlẹ̀ 0.07 ti dára gan-an. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ló gbà pé ohun tó bá wà lábẹ́ 0.2 ṣì ṣe é gbà, 0.5 ti le débi pé èrò inú ọkọ̀ á mọ̀ ọ́n lára. Bí ó bá sì ti kọjá 1.2, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti fífi ìwọ̀n kún un, abẹ̀bẹ̀ náà gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má sì rò pé 0.5 yẹn jẹ́ ìmì ńlá tí ojú lè rí: ní yíyí 2,400, ìdá méjì péré nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì ni ẹ́ńjìnnì ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀rọ náà kò lè sọ lójú ẹsẹ̀ pé ibi báyìí ló wúwo, nítorí pé ẹ́ńjìnnì jókòó lé rọ́bà, ó sì wúwo fúnra rẹ̀. Ibi tó wúwo lára abẹ̀bẹ̀ lè ti kọjá kí gbígbọ̀n tó dé góńgó. Èyí ni wọ́n fi ń lo ìwọ̀n ìdánwò. Ká ní ẹ̀rọ kọ́kọ́ ka 0.60 ní dígírì 90, dígírì yẹn ló ń sọ ibi tí abẹ̀bẹ̀ wà nínú yíyípo rẹ̀ nígbà tí gbígbọ̀n dé góńgó. A pa ẹ́ńjìnnì, a de ìwọ̀n gíráàmù 20 mọ́ ihò kan, a tún un tàn, ẹ̀rọ wá ka 0.40 ní dígírì 150. Ẹ mú ìwé àti rúlà. Láti ojú kan náà, ẹ ya ọfà 0.60 sí dígírì 90, kí ẹ sì ya ọfà 0.40 sí dígírì 150. Ọfà tó bá gbéra láti orí ti àkọ́kọ́ lọ sí orí ti èkejì ni iṣẹ́ tí gíráàmù 20 yẹn ṣe. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n, ó gùn tó 0.53, ó sì kọjú sí nǹkan bíi dígírì 229. Ohun tí a ń wá ni ọfà tó gùn tó 0.60 tó sì kọjú sí dígírì 270, kó lè pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. A jẹ́ pé gíráàmù 20 kò tó, nǹkan bíi 23 ni. Ibi tí a fi í sí kò sì tọ́, ó gbọ́dọ̀ sún ní dígírì 41 sí ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà ń gbà ka dígírì. Kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ á ṣe ìṣirò yìí kí ẹ tó ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà á rí kò ní mọ ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ń sọ ìsọkúsọ.

Ihò kì í sábà wà níbi tí ìṣirò bá tọ́ka sí gan-an, nítorí náà wọ́n máa ń pín ìwọ̀n náà sí ihò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Wáṣà ni ìwọ̀n náà lọ́pọ̀ ìgbà, wáṣà fífẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ òfurufú, pẹ̀lú bọ́ọ̀tì àti nọ́ọ̀tì tí kì í tú fúnra rẹ̀, tí wọ́n dè mọ́ àwo irin ẹ̀yìn fìlà. Wáṣà ọjà Ọba kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ìwé ẹni tó ṣe abẹ̀bẹ̀ ló ń sọ iye ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ kọjá, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ lu ihò sára apá abẹ̀bẹ̀ tàbí sí ìdí rẹ̀ nítorí àtifi ìwọ̀n síbẹ̀.

Ní ti fóònù yín, ó lè mọ̀ pé nǹkan ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí apá abẹ̀bẹ̀ wà nígbà tó gbọ̀n. Láìsí dígírì, ẹ kò ní ọfà. Láìsí ọfà, ẹ kàn ń méfò ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì ṣe fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ láti wo ibi tó wúwo. Mágínẹ́tò, ẹ̀rọ kékeré tó ń pèsè iná púlọ́ọ̀gì lára ẹ́ńjìnnì, kò nílò bátìrì kó tó fún púlọ́ọ̀gì ní iná. Bí wáyà tó ń pa á bá já, ẹ́ńjìnnì lè jí mọ́ yín lọ́wọ́, kódà bí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bá wà nínú àpò awakọ̀ nílé.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ní ọkọ̀ òfurufú oníjòókòó méjì kan tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ jẹ́ onígi. Wọ́n bá a mú abẹ̀bẹ̀ náà dọ́gba lórí ẹ́ńjìnnì, síbẹ̀ ó ní ọkọ̀ náà ṣì ń gbọ̀n. Ó tún ń bèèrè bóyá ojú ọjọ́ ilé lè ṣe abẹ̀bẹ̀ náà ní jàǹbá bí òun bá gbé ọkọ̀ náà wálé. (Òǹkàwé, Adó-Èkìtì)

Èsì: Kí ẹ̀gbọ́n yín kọ́kọ́ wo ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ náà. Ó yẹ kí ẹni tó ṣe iṣẹ́ ti kọ ọ́ síbẹ̀: iye tí ẹ̀rọ kà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, iye tó kù lẹ́yìn rẹ̀, iye yíyí, ìwọ̀n tó fi kún un àti ihò tó fi í sí. Bí wọn kò bá kọ ọ́, mi ò ní ka iṣẹ́ náà sí iṣẹ́. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́, tí iye ìkẹyìn kéré, tí ọkọ̀ sì ń gbọ̀n síbẹ̀, a jẹ́ pé ibòmíràn ni gbígbọ̀n náà ti ń wá, nítorí pé ìwọ̀n tí a fi kún abẹ̀bẹ̀ kò lè tún nǹkan mìíràn ṣe àyàfi ìwúwo.

Ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ń jó epo nínú yíyípo méjì. Ní yíyí 2,400, abẹ̀bẹ̀ tí kò dọ́gba á máa gbọ̀n ní ìgbà 40 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n sìlíńdà kan tí agbára rẹ̀ ti dín kù, yálà nítorí púlọ́ọ̀gì tó dọ̀tí tàbí fáàfù tí kò padé dáadáa, á mú gbígbọ̀n tirẹ̀ wá ní ìgbà 20. Ẹ̀rọ tó bá ń ya gbígbọ̀n sọ́tọ̀ sí ìpele ìpele á fi méjèèjì hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. (Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì Rotax 912 ni, kí ó rántí pé gíà wà láàárín: pẹ̀lú gíà 2.43, ẹ́ńjìnnì á máa yí ní ìgbà 5,500 nígbà tí abẹ̀bẹ̀ ń yí ní nǹkan bíi 2,260, yíyí abẹ̀bẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ oníná sì ń kà.) Lẹ́yìn sìlíńdà, kí ó wo àwọn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, bóyá wọ́n ti sán tàbí tí wọ́n ti rọ̀ sílẹ̀ lápá kan. Kí ó wo bóyá ṣóńṣó apá abẹ̀bẹ̀ méjèèjì ń tọ ipa kan náà. Fún abẹ̀bẹ̀ onígi, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì lọ. Bí apá kan bá dagun ju èkejì lọ, òun ni yóò máa fa afẹ́fẹ́ jù, ìwọ̀n sì lè pa gbígbọ̀n yẹn mọ́lẹ̀ ní iye yíyí kan, kó tún yọjú ní iye yíyí mìíràn.

Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù nínú iṣẹ́ yìí ni oníṣẹ́ tó bá gbé ẹ̀rọ dé, tó kà 0.9, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to wáṣà lé wáṣà láìbèèrè ohun tó fa 0.9. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ó lè jẹ́ pé omi òjò ló wà nínú fìlà, pé bọ́ọ̀tì kan ti dẹ̀, tàbí pé apá abẹ̀bẹ̀ ti sán; bí ìwọ̀n bá bo gbígbọ̀n náà mọ́lẹ̀, àmì ìkìlọ̀ tó yẹ kí awakọ̀ rí ti lọ nìyẹn. Kí ẹ̀gbọ́n yín tún béèrè bóyá wọ́n tú abẹ̀bẹ̀ náà lẹ́yìn tí wọ́n mú un dọ́gba tán. Bí wọ́n bá dá a padà sí ihò bọ́ọ̀tì tó yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ìdọ́gba ti àkọ́kọ́ ti bàjẹ́. Èyí ló fi yẹ kí wọ́n sàmì sí abẹ̀bẹ̀, àwo irin àti fìlà kí wọ́n tó tú wọn. Àjọ FAA, tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, ní ìwé ìtọ́ni kan lórí ìtọ́jú abẹ̀bẹ̀, AC 20-37E. Yóò ṣe é láǹfààní.

Ní ti ojú ọjọ́, igi ń mu omi ní àsìkò òjò, ó sì ń gbẹ nígbà ọyẹ́, ọyẹ́ Èkìtì kì í sì í fi igi ṣeré. Bí igi bá wú, bọ́ọ̀tì á fún un jù. Bí ó bá gbẹ, bọ́ọ̀tì á dẹ̀, nítorí náà kí wọ́n máa fi ohun ìwọ̀n ìfúnpọ̀ yẹ bọ́ọ̀tì náà wò bí àsìkò bá ti ń yí padà. Nígbàkigbà tí ọkọ̀ náà bá wà ní ìgúnlẹ̀, kí wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ ní ìbú, kì í ṣe ní òró, kí ọ̀rinrin inú igi má baà ṣàn sí apá ìsàlẹ̀ kí ó sì sọ ọ́ di èyí tó wúwo ju ti òkè lọ. Ọ̀dọ̀ wa níbí pẹ̀lú, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ní ìwé àṣẹ ló lè fọwọ́ sí irú iṣẹ́ yìí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ tí a fi ń bó ìrẹsì ni mo ní. Fáànù rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé bọ́ọ̀tì tó dè é mọ́ ilẹ̀ ń tú. Ṣé irú ẹ̀rọ tí ẹ sọ yẹn lè ràn mí lọ́wọ́? (Ìyá Onírẹsì, Ìgbẹ́mọ-Èkìtì)

Èsì: Ẹ kú ọjà, Mà. Ó lè ràn yín lọ́wọ́, nítorí pé ohun tó ń mú abẹ̀bẹ̀ gbọ̀n náà ló ń mú fáànù gbọ̀n, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì máa ń wọn fáànù wọn báyìí. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ òfurufú kò nípọn láti iwájú dé ẹ̀yìn, nítorí náà ìwọ̀n tí wọ́n fi sí ojú kan ṣoṣo lórí ṣáfùtù máa ń tó fún un, fáànù tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ náà sì rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá gùn bí ìlù tó ń pa ìrẹsì, orí méjèèjì rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀n kí wọ́n sì fi ìwọ̀n sí, torí pé orí kan lè wúwo lókè nígbà tí èkejì wúwo nísàlẹ̀.

Kí ẹ tó náwó sí ìyẹn, ẹ ní kí ọmọ iṣẹ́ yín pa ẹ́ńjìnnì, kó tú bẹ́líìtì kúrò, kó sì fi ọ̀bẹ ha gbogbo apá fáànù náà mọ́. Eruku èèpo ìrẹsì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, kì í sì í lẹ̀ bákan náà lára gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà, kó di orí ṣáfùtù mú, kó gbé e sókè sísàlẹ̀. Bó bá ń ṣe gbẹ̀gẹ̀gbẹ̀gẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bíárìn ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.